Òjò, Rọ́bà àti Ìjàpá: Ìtàn Etí Gíláàsì Ọkọ̀ ní Ìbàràpá

Nígbà tí a gba ìsinmi kẹ́yìn, mo lọ sílé ní Igbó-Ọrà. Òjò òru kan rọ̀, ó dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá àgbà mi, mo sì rí i pé omi ti dúró sí ibi ìtẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan da korobá kan sí i. Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni ọkọ̀ náà. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó bí mi, ọkọ̀ náà sì fẹ̀yìn tì tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ra irin àjákù ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n máa gbé e lọ, pé ààyè ló ń gbà. Bàbá ò bá wọn jà. Ó kàn rán mi pé kí n lọ pe ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ti ń bá a tún ọkọ̀ náà ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀gá dé, kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ó lọ sí iwájú, ó fi ìka tọ etí gíláàsì yíká, ó tẹ rọ́bà ibẹ̀, rọ́bà náà sì ṣẹ́ bí àkàrà tó ti sùn. Ó ní, “Ọmọ mi, ibi tí o ti rí omi kọ́ ni omi gbà wọlé. Òkè ló ti ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Tí a bá ń sọ ìtàn mọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, orí ẹ́ńjìnnì, orí olówó àti orí awakọ̀ la máa ń sọ ọ́ sí. Mo fẹ́ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gíláàsì ká àti irin dídán tó wà lára rẹ̀ sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kékeré ni ohun náà, ṣùgbọ́n òun ló wà láàárín ọkọ̀ àti òjò.

Ìgbà tí ọkọ̀ ò ní gíláàsì tó ń dídí

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ́, Tápà àti Igangan. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń sọ ni pé ẹ̀gúsí bàrà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ló fún ilẹ̀ náà lórúkọ. Ilẹ̀ oko ni. Oúnjẹ tó ń jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó kí owó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Rélùwéè tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ṣùgbọ́n kò wọ ìlú Igbó-Ọrà, kò wọ ìlú Èrúwà. Orí ènìyàn ló ń ru ẹrù ní ọ̀nà wa. Ní 1906 ni wọ́n ṣe ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí mọ́tò lè gbà, láti ìgbà náà ni ọ̀nà mọ́tò sì ti ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí rélùwéè bá fò, mọ́tò nìkan ló kù fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ìtàn mọ́tò fi ju ìtàn ìgbafẹ́ lọ ní Ìbàràpá. Ìtàn bí ẹ̀gúsí ṣe ń dé ọjà ni.

Ọkọ̀ tó kó ẹrù wa fún ìgbà pípẹ́ ni lọ́rì onípákó, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Ẹ́ńjìnnì, férémù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ti òkè òkun wá, Bedford sì ni orúkọ tí ojú mọ̀ jù. Ara rẹ̀ yòókù, káfíńtà wa ló ń fi pákó kàn án. Èrò á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tapólì á sì bo ẹ̀gbẹ́ nígbà òjò. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí omi má wọlé. Bí òjò bá rọ̀, a ó rẹ, oòrùn á sì gbẹ wá. Pákó tó bá jẹrà, káfíńtà á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i.

Ọkọ̀ onírin ni kò gba irú ìyẹn. Irin tí omi bá dúró sí lára kì í gbẹ bí aṣọ. Ọjọ́ tí a kúrò nínú ọkọ̀ onípákó bọ́ sínú ọkọ̀ onírin ni etí gíláàsì di ọ̀rọ̀ pàtàkì.

Gíláàsì tó bọ́, igi tó ṣọ̀fọ̀

Gíláàsì lásán ni wọ́n ń lò níwájú mọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá fọ́, ojú ni ó ń bẹ́. Ní 1903, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Édouard Bénédictus, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣèèṣì jẹ́ kí ìgò kan bọ́ sílẹ̀. Ìgò náà sán, ṣùgbọ́n kò túká, nítorí ohun olómi kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí awọ. Níbẹ̀ ló ti gba ọgbọ́n láti lẹ gíláàsì méjì pọ̀ mọ́ ohun rírọ̀ kan láàárín. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909. Gíláàsì tó bá sán tí kò túká lónìí, ọmọ ìgò yẹn ni.

Ṣùgbọ́n gíláàsì kò lè fara kan irin. Ọkọ̀ a máa gbọ̀n, irin a máa tẹ̀ díẹ̀, gíláàsì kì í tẹ̀. Ohun tó rọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ohun náà sì ni rọ́bà.

Ibí yìí ni ìtàn fi kan ilé wa. Ní 1839, ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, rí i pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti ń wá rọ́bà kiri. Àwa ní igi kan nínú igbó wa tó ń jẹ́ ìrẹ́, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Ní àárín àwọn ọdún 1890, òwò ìrẹ́ gba igbó Yorùbá kan. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ha èèpo igi náà láìdáwọ́ dúró títí igi fi ń kú. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, òwò náà ti wó.

Rọ́bà tó wá borí ayé, ara igi mìíràn ló ti wá. Ní 1876, Henry Wickham kó hóró igi náà bí 70,000 láti Brazil lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e lọ gbìn ní Éṣíà. Igi ìrẹ́ wa kú sínú igbó. Nígbà tí rọ́bà tún padà wọ Ìbàràpá, ó ti di táyà, ó ti di etí gíláàsì, owó la sì fi ń rà á.

Ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta, 1975

Bàbá àgbà mi kì í ṣe olówó. Báwo ni olùkọ́ ṣe di ọlọ́kọ̀? Ọdún kan ni ìdáhùn rẹ̀: 1975.

Owó epo rọ̀bì ti ń wọlé nígbà náà. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe olórí rẹ̀ ti dábàá ní 1974 pé kí wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí owó náà jáde, tòun ti àsanpadà oṣù mélòó kan, àwọn ènìyàn pè é ní owó Udoji. Òmíràn ra rédíò, òmíràn kọ́lé, òmíràn fẹ́yàwó kún ìyàwó. Àwọn kan sì dájú sọ mọ́tò.

Mọ́tò náà sì wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kàdúná. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Peugeot 504 di ọkọ̀ ọ̀gá àti ọkọ̀ gáréèjì, Ìjàpá sì di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akọ̀wé. Ó ti di àṣà ilẹ̀ wa nígbà náà láti máa wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì. Àwọn Morris àti Austin ayé àtijọ́ tí ìdarí wọn wà lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àná.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń to Ìjàpá náà pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá, púpọ̀ nínú ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń tò ló sì ń ti Brazil bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe é káàkiri ayé, ó ju mílíọ̀nù 21 lọ, kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mexico ní ọjọ́ 30 oṣù keje, 2003. Àwọn ará Jámánì mú fèrèsé rẹ̀ tóbi sí i lára ọkọ̀ ọdún 1965. Àwọn ará Brazil ò tẹ̀ lé wọn, wọ́n di gíláàsì kékeré mú. Ẹni tó bá fẹ́ ra rọ́bà fún Ìjàpá lónìí láìkọ́kọ́ wọn gíláàsì tirẹ̀, owó rẹ̀ lè jóná. Ìtàn ilé iṣẹ́ wà nínú ìwọ̀n gíláàsì.

Bí omi ṣe ń jẹ ọkọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe wà. Ihò fèrèsé iwájú ní etí irin pẹlẹbẹ tó yí i ká. Rọ́bà ní ojú méjì: ọ̀kan gbá etí irin mú, èkejì gbá gíláàsì mú. Lára Ìjàpá tó jẹ́ ti ọlọ́lá díẹ̀, rọ́bà náà tún ní ojú kẹta níta, ibẹ̀ ni irin dídán ń wọ̀. Irin náà pín sí méjì, ìdè kékeré ni wọ́n sì fi ń so ẹnu wọn pọ̀. Ẹwà ni wọ́n fi í ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá já, ojú rọ́bà á ṣí sílẹ̀, eruku á kún un, omi á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oòrùn Ìbàràpá ló ń la ògiri yìí lẹ́nu. Rọ́bà tó ti ara igi wá kì í fara da oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ogún ọdún. Á kọ́kọ́ pa àwọ̀ dà, á le, á súnkì, á wá sán ní igun. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, òjò ń wọ ojú sísán náà. Omi á wọ abẹ́ rọ́bà, kò ní rí ibi jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí irin níbi tí ojú ò tó. Níta, ọ̀dà ọkọ̀ ṣì ń dán. Láti ibẹ̀ á ṣàn wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wáyà àti fíúsì wà, á wá dúró sílẹ̀ nísàlẹ̀. Lára Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà, nítorí náà ilẹ̀ tó bá jẹrà dẹ́yìn kì í ṣe ohun àpárá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó ń ra irin àjákù á dé ní ọdún kẹwàá, á ní ọkọ̀ ti kú. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n òjò ló pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ọdún tí rọ́bà di ọ̀wọ́n

Kí ló dé tí wọn ò kàn pààrọ̀ rọ́bà nígbà náà? Mo bi Bàbá. Ó ní, “Ní 1980, wàá wọ ilé ìtajà ní Ìbàdàn, wàá sọ ọdún ọkọ̀ rẹ, wọ́n á gbé e fún ọ. Lẹ́yìn SAP, kò sí mọ́.”

Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà tuntun fún owó òkè òkun. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là kan kò tó náírà 2. Láàárín ọdún méjì, ó ti kọjá náírà 4. Ilé iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò lè ta ọkọ̀ ní owó tí olùkọ́ lè san mọ́. Tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Yúróòpù, olúkúlùkù pẹ̀lú etí gíláàsì tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lo rọ́bà bẹ́ẹ̀ mọ́. Gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ irin, ọgbọ́n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Ọjà rọ́bà Ìjàpá bá kú.

Àwọn ọ̀gá wa ò ká ọwọ́ gbera. Wọ́n gé rọ́bà lára ọkọ̀ tó ti jóná, wọ́n rán an mọ́ òmíràn. Wọ́n yọ́ ọ̀dà dúdú sí ojú sísán. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù ìlẹ̀bàtà dí i. Mo rí ipele mẹ́ta lórí ara wọn nígbà tí a ń tú ti Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń gbẹ́ ilẹ̀ ahoro. Ipele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan tí owó ò sí ṣùgbọ́n tí ẹnìkan ò fẹ́ kí ọkọ̀ kú. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé dídí láti òkè ń sé omi mọ́ abẹ́ ni. Ohun tó dà bí ìtọ́jú ló ń fa ìpẹtà.

Bí a ṣe dí i

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló di ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá kò jẹ́ kí a fi sìkùdíráfà wú irin dídán náà, nítorí pé bó bá ti ká, kì í tọ́ mọ́. Ọ̀bẹ ló fi gé rọ́bà àtijọ́ kúrò ní ẹnu irin, a sì gbé gíláàsì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Igun ìsàlẹ̀ méjèèjì ti jẹ tó fi jẹ́ pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Ajórin gé ibi tó jẹrà, ó jó irin tuntun mọ́ ọn. A fi sáńpépà ha gbogbo etí náà dé irin funfun, a kun ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, a sì dúró kó gbẹ dáadáa. Ibi ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú.

Rọ́bà tuntun dé láti Èkó, irú èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tó ń fara da oòrùn ju ti igi lọ. A fi í sí gíláàsì lórí tábìlì, a sì tẹ irin dídán sí ojú rẹ̀ kí a tó gbé e sún mọ́ ọkọ̀. Lára Ìjàpá, bí a bá fi irin sílẹ̀ di ẹ̀yìn, wàhálà ni. Lẹ́yìn náà, Ọ̀gá tẹ́ okùn sínú ojú rọ́bà tó máa gbá etí irin mú, ó yí i ká, ó jẹ́ kí ẹnu okùn méjèèjì kọjá ara wọn nísàlẹ̀. Omi ọṣẹ ló fi yọ̀ ọ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ lo gíríìsì tàbí epo, nítorí pé epo ń jẹ rọ́bà. Mo wà níta, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì. Òun wà nínú, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀, ètè rọ́bà sì ń fò kọjá etí irin bí ọmọ tó ń wọ ẹ̀wù. Ẹni tó bá fi agbára fà á á fọ́ gíláàsì.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan ohun ìdí. Èyí tí kì í gan ló lò, ó tì í sábẹ́ ètè rọ́bà lójú gíláàsì àti lójú irin, ó nu èyí tó kún síta. Ó ní sílíkóònù tó ń rùn bí fínígà kì í ṣe fún ọkọ̀, nítorí pé kíkan inú rẹ̀ ń jẹ irin.

A wá da omi sí i. Ìsàlẹ̀ ni Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gun òkè lọ, kí a lè mọ ibi tó bá ti ń jò. Lẹ́ẹ̀kíní, omi yọ ní igun òsì. A gbé ètè ibẹ̀ sókè, a tún ohun ìdí tì sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó sínú, mo fi ọwọ́ kan abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbẹ.

Ohun tó kù

Ọkọ̀ náà kò tíì rìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń béèrè owó tí kò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onírin àjákù ò wá mọ́, àwọn àbúrò bàbá mi náà sì ti dákẹ́. Nígbà tí òjò míràn rọ̀, Bàbá bọ́ sínú rẹ̀, ó jókòó, ó ń wo omi tó ń ṣàn lójú gíláàsì.

Gbogbo wa la mọ ìtàn àlọ́ pé Ìjàpá já láti òkè, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀ padà. Nínú àlọ́, a kì í sábà béèrè ẹni tó tò ó. Ní Ìbàràpá, mo mọ̀ wọ́n: àgbàlagbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí kò ní ọmọṣẹ́ tó mọ okùn fà, nítorí pé ọkọ̀ táwọn ọmọṣẹ́ ń tún ṣe lónìí kò lo okùn mọ́. Tí wọ́n bá lọ, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan la ó pàdánù. A ó pàdánù ẹni tó lè fi ìka tọ etí gíláàsì, kó sì sọ fún wa ọdún tí owó wà, ọdún tí kò sí, àti ohun tí a ṣe láàárín méjèèjì.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé yín, ní Èrúwà, ní Tápà tàbí níbòmíràn, ẹ fọwọ́ tọ etí gíláàsì rẹ̀ kí òjò tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ni ín bó ṣe rà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. A óò máa retí tiyín níbí.